Ọkọ̀ Tí Ẹnìkan Kò Nawọ́ Sí Ní Gbànjo

Ẹ̀yìn Ṣọ́ọ̀ṣì,
Òrè.

Bọ́sẹ̀dé, ọmọ mi àtàtà,

Ìwé rẹ tẹ̀ mí lọ́wọ́ lọ́jọ́ ọjà. Awakọ̀ tó gbé e wá láti Àkúrẹ́ kò dúró gba omi mu, ojú fèrèsé ló ti nà án sí mi tó sì bá tirẹ̀ lọ. Gààrí ni mo ń yan lọ́wọ́. Mo kà á lórí ìdúró, mo tún un kà lórí ìjókòó, gààrí sì jóná mọ́ agbada. Ọ̀rọ̀ rẹ ló jó o, kì í ṣe iná.

Kí n tó sọ ohunkóhun, mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run fún iṣẹ́ tuntun tó fún ọ. Ọmọ àgbẹ̀ Àráròmí-Òbú lo jẹ́, ìwọ náà lo wá jókòó sí ọ́fíìsì ìjọba tó ń rí sí ọ̀rọ̀ ọ̀nà. Bàbá rẹ ìbá wà láyé, kò ní sí ẹni tó máa sinmi ní Odìgbò àti Omifúnfún. Ẹni tó lọ kí i nítorí ẹsẹ̀ tó ń dùn ún, ọ̀rọ̀ rẹ ni yóò gbọ́ kó tó kúrò níbẹ̀. Mo ń dúpẹ́ fún un, mo sì ń dúpẹ́ fún ara mi.

Ṣùgbọ́n o sọ nǹkan kan nínú ìwé náà tó mú mi jókòó. O ní wọ́n fẹ́ lu ọkọ̀ ọ̀gá kan tó ti fẹ̀yìn tì ní gbànjo lọ́fíìsì yín. O ní ọkọ̀ eré ni, pupa, onílẹ̀kùn méjì, pé ẹ́ńjìnnì rẹ̀ nìkan ló fẹ́ àtúnṣe, o sì ti ń fi owó pamọ́ dè é. Lẹ́yìn náà lo wá kọ ọ́ pé gbogbo èèyàn ló ń kọjá lára rẹ̀ láì sọ nǹkan kan, pé ó dà bí ẹni pé Ọlọ́run ló pa wọ́n lẹ́nu mọ́ nítorí tìrẹ. Ẹni bíni là á jọ lóòótọ́. Ọ̀rọ̀ yìí gan-an ló jáde lẹ́nu bàbá rẹ lọ́jọ́ tó ra ọkọ̀ funfun wa, ọ̀rọ̀ náà sì fẹ́rẹ̀ẹ́ lé wa kúrò ní Òrè.

Mi ò kọ̀wé láti sọ pé obìnrin kì í wa ọkọ̀ eré. Bí mo bá sọ bẹ́ẹ̀, ìwọ ni yóò kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín. Mo fẹ́ kí o gbọ́ ìtàn ọkọ̀ funfun náà kí gbànjo yín tó pé. O ti gun ọkọ̀ yẹn títí o fi dàgbà, ṣùgbọ́n o kò mọ bó ṣe dé ọ̀dọ̀ wa, nítorí ọ̀dọ̀ ìyá mi ní Òkìtìpupa lo wà nígbà náà.

Ìgbà tí àwọn sójà tún gba ìjọba ni. A ń tò lórí ìlà ra ọṣẹ, a ń tò ra mílíìkì, ẹni tó bá ya kúrò lórí ìlà á jẹ kòbókò. Nǹkan wọ́n débi pé ẹni tó bá ní pílọ́ọ̀gì ọkọ̀ tuntun lọ́wọ́ a máa tọ́jú rẹ̀ sínú àpótí aṣọ. A ṣẹ̀ṣẹ̀ kó wá sí Òrè láti Àráròmí-Òbú ni. A kò tíì mọ èèyàn, èèyàn kò sì tíì mọ̀ wá. Ilé iṣẹ́ pákó kan wà lọ́nà Odìgbò tí òyìnbó kan ń ṣe olórí rẹ̀. Nígbà tí ìlú le, wọ́n ti ibẹ̀ pa, òyìnbó padà sílé, wọ́n sì ní àwọn máa lu gbogbo ẹrù ibẹ̀ ní gbànjo.

Bàbá rẹ ní òun ń lọ ra dúrọ́ọ̀mù tí a ó fi máa gba omi òjò. Mo ń retí dúrọ́ọ̀mù. Nígbà tó di ìrọ̀lẹ́, mo rí agbégilódò tó ń bọ̀ ládùúgbò wa, ó fi ṣéènì fa ọkọ̀ funfun kan lẹ́yìn, bàbá rẹ sì jókòó sínú ọkọ̀ náà, ó di ìdarí rẹ̀ mú, ó ń rẹ́rìn-ín. Ọkọ̀ eré ni tiwa náà, ó gùn nímú, ó sì kúrú sílẹ̀ bí ẹni tó lúgọ de ẹran. Bọ́sẹ̀, bàbá rẹ kò mọ ọkọ̀ wà. Kẹ̀kẹ́ ló mọ̀ ọ́n gùn, kò sì mọ̀ ọ́n gùn dáadáa.

Mo ní, “Bàbá Bọ́sẹ̀, dúrọ́ọ̀mù dà?”

Ó ní, “Ìyá Bọ́sẹ̀, Ọlọ́run pa wọ́n lẹ́nu mọ́. Onígbànjo pe ọkọ̀ yìí, kò sẹ́ni tó dáhùn. Ó tún un pè, gbogbo wọn ń wolẹ̀. Ni mo bá nawọ́. Èmi nìkan, láàárín gbogbo èrò yẹn.”

Gbogbo owó kòkó ọdún yẹn ló bá a lọ. Mo bínú, mo dáná, mo sì tún bínú. Ṣùgbọ́n inú rẹ̀ dùn tó bẹ́ẹ̀ tí n kò lè bá a jà títí.

Lọ́jọ́ Ìsinmi, ó ní ìdúpẹ́ di dandan. Ó wọ agbádá tó fi gbé mi níyàwó, ó dìde níwájú ìjọ, ó sì ròyìn gbogbo rẹ̀ láti orí dúrọ́ọ̀mù dé orí ọkọ̀. Ó ní, “Ẹ bá mi yin Ọlọ́run tó di ẹnu gbogbo ará Òrè nítorí tèmi.”

O mọ ìjọ wa. Bí èèyàn bá ní òun rí abẹ́rẹ́ òun tó sọnù, wọn á ké halelúyà. Lọ́jọ́ yẹn, kò sẹ́ni tó mí. Àwọn obìnrin ń ṣí ìwé orin tí kò sẹ́ni tó ní kí wọ́n ṣí. Pásítọ̀ wúkọ́. Àwọn akọrin bẹ̀rẹ̀ orin kan, ó sì rọ̀ jọ̀wọ̀ lẹ́nu wọn. Bí èèyàn bá ń jó ìdúpẹ́ lọ síwájú pẹpẹ, o mọ̀ pé ará àti ọ̀rẹ́ a máa dìde tẹ̀lé e. Èmi àti bàbá rẹ nìkan la jáde. Mo ń jó, ojú sì ń tì mí, n kò sì mọ ohun tó ń tì mí lójú.

A ti jó dé àárín ṣọ́ọ̀ṣì kí ọkùnrin kan tó dìde láti ẹ̀yìn. Ó pẹ́lẹ́ńgẹ́, káákí ló wọ̀ sókè àti sísàlẹ̀. Ó yọ áńkáṣíìfù, ó sì ń jó bọ̀ lẹ́yìn wa. Bí ó ti dìde báyìí, gbogbo ìjọ dìde. Orin gbóná, ilẹ̀ ń mì. Bàbá rẹ rò pé Ẹ̀mí ló dé. Èmi rí i pé obìnrin tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi ń fi etí ìró nu ojú.

Nígbà tí a jáde, mo fa obìnrin náà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Mo ní, “Ẹ jọ̀ọ́, ta ni bàbá oníkáákí yẹn?”

Ó ní, “Lúùkù ni, ará Ìlàjẹ. Òun ni dẹ̀rẹ́bà òyìnbó. Ọkọ̀ tẹ́ ẹ rà yẹn, láti ọjọ́ tó ti dé Òrè, kò sẹ́lòmíràn tó wà á. Gbogbo wa la fẹnu kò pé a ò ní dá sí i ní gbànjo, kí ó lè rí i rà. Ó fẹ́ máa fi gbé aláìsàn àti àwọn oníkánjú lọ sí Oǹdó àti Bìní, nítorí iṣẹ́ ti bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀.”

“Kí ló dé tí kò wá nawọ́?”

“Ìpè kẹta ló ń dúró dè. Bí a bá dákẹ́ dé ìpè kẹta, onígbànjo á já owó wálẹ̀. Ìpè kejì lọkọ yín nawọ́.”

“Ẹ wà níbẹ̀, ẹ̀yin náà ò sì sọ fún un?”

Ó wò mí tàánútàánú. Ó ní, “Àlejò ni yín. Ta ló fẹ́ dójú ti àlejò láàárín ọjà?”

Àlejò lójú, ṣùgbọ́n kò fi ríran. Bàbá rẹ kò jalè, kò sì rẹ́ ẹnikẹ́ni jẹ. Ó gbọ́ ìdákẹ́jẹ́ tí àwọn èèyàn fi ṣàánú ẹnìkan, ó sì rò pé ti òun ni. Ó wá gbé e lọ sí ilé Ọlọ́run, ó fi dúpẹ́ lójú ẹni tó ni ín. Púpurú ni mo gbé fún un lọ́sàn-án ọjọ́ yẹn. Mo dúró kí ó jẹun yó kí n tó sọ, ṣùgbọ́n ojú mi ti tú àṣírí. Nígbà tó gbọ́ tán, ó fọwọ́, ó mú kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀, ó sì lọ sílé Lúùkù. Mo tẹ̀lé e.

Lúùkù jókòó síwájú ilé rẹ̀, ó ń di àwọ̀n, bí àwọn ará etí omi ti máa ń ṣe bí ọwọ́ wọn bá dilẹ̀. Bàbá rẹ dọ̀bálẹ̀ gbalaja, agbádá ìgbéyàwó kún fún iyanrìn. Ó na kọ́kọ́rọ́ sí i. Lúùkù kò gbà á.

Ó ní, “Ẹ dìde, ẹ̀gbọ́n. Mo ti jó sí i. Ohun tí èèyàn bá jó sí níwájú Ọlọ́run, kì í tún padà wá gbà á lẹ́yìnkùlé.” Lẹ́yìn náà ló wá bi bàbá rẹ pé, “Ẹ tilẹ̀ mọ ọkọ̀ wà?”

Bàbá rẹ ní òun ò mọ̀ ọ́n.

Lúùkù bú sẹ́rìn-ín. Ó rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀, ó sì gbé àwọ̀n sílẹ̀. Ó ní, “Ẹ jẹ́ ká lọ wo ẹ́ńjìnnì nígbà náà.”

Báyìí ni Lúùkù ṣe di èèyàn wa. Wọ́n jọ tún ọkọ̀ náà ṣe títí òjò ọdún yẹn fi dá. Eku ti bímọ sínú àga ẹ̀yìn, a fi àpò kòkó rán òmíràn. Ìyẹ̀fun pákó ti dí kabúrétọ̀, Lúùkù sì ń fi ìyẹ́ adìẹ mi nu inú rẹ̀. Àkùkọ mi kan wà tí kò ní ìrù mọ́ nígbà tí wọ́n parí iṣẹ́. Lúùkù ló ń wà á fún àwọn oníkánjú, bàbá rẹ ló ń ra táyà àti bátìrì, ohun tó bá wọlé ni wọ́n jọ ń pín. N kò gbọ́ kí wọ́n jà lórí rẹ̀ rí. Òrè náà sì wá gbà wá. Àwọn tó ń wo ilẹ̀ tẹ́lẹ̀ wá ń kí wa látòkèèrè.

Nítorí náà, gbọ́ ìmọ̀ràn ìyá rẹ.

Èkíní, tó ju gbogbo rẹ̀ lọ: bí o bá rí nǹkan tó dára tí ẹnikẹ́ni kò nawọ́ sí, má tíì yin Ọlọ́run. Bèèrè ná. Abèèrè kì í ṣìnà. Bèèrè lọ́wọ́ ẹni tó ń ṣílẹ̀kùn géètì, bèèrè lọ́wọ́ ìyá tó ń ta oúnjẹ fún yín. Wádìí ẹni tó ń wa ọkọ̀ ọ̀gá náà, kí o sì mọ ibi tó wà báyìí. Bí wọ́n bá ní ìbẹ̀rù ló pa àwọn lẹ́nu mọ́, pé ọkọ̀ náà kò dára, o ti rí ìmọ̀ gbà lọ́fẹ̀ẹ́. Bí wọ́n bá ní ẹnìkan ni àwọn ń dákẹ́ fún, ìwọ náà bá wọn dákẹ́.

Èkejì, má ra ọkọ̀ lójú ọ̀dà. Ọ̀dà pupa ti tan ọ̀pọ̀lọpọ̀ èèyàn jẹ. Gbé rọ́gì ilẹ̀ rẹ̀ sókè, wo bóyá ó ti dípẹtà. Lọ síbẹ̀ láàárọ̀ kùtùkùtù kí ẹ́ńjìnnì tó gbóná, kí o sì ní kí wọ́n ṣíná sí i lójú rẹ. Ẹ́ńjìnnì tó bá ń ṣàìsàn, òwúrọ̀ ló máa ń sọ ìṣòro rẹ̀. Lúùkù ló kọ́ mi bẹ́ẹ̀, èmi tí mo rò pé yíyan gààrí nìkan ni mo mọ̀.

Mọ ọ̀nà tí o máa gbà kí o tó mọ ọkọ̀ tí o máa rà. Bàbá rẹ fẹ́ fi ọkọ̀ eré ṣe fàájì fún àwọn ará Àráròmí-Òbú. Kí a tó dé oko àkọ́kọ́, ikùn ọkọ̀ ti jókòó sórí ilẹ̀ pupa, ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ń yí lásán. Àwọn oníkẹ̀kẹ́ ń kọjá, wọ́n ń kí wa pé ẹ kú ìjókòó. Àwọn tó ń dáko nítòsí ló fi igi gbé wa jáde, bàbá rẹ sì fi ọ̀pẹ̀ẹ̀rẹ̀ ọ̀gẹ̀dẹ̀ kan dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn. Láti ọjọ́ yẹn, títì ọlọ́dà nìkan ni ọkọ̀ náà mọ̀.

Lórí títì ọlọ́dà náà, rọra. Kì í ṣe gbogbo eré tí ọkọ̀ lè sá ló yẹ kí o sá. O mọ ọ̀nà Bìní, o mọ iye èèyàn tí à ń sunkún lé lórí níbẹ̀. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni mo rí i tí Lúùkù tẹ ọkọ̀ yẹn dé ilẹ̀. Ọjọ́ tí inú rírun fẹ́ gba ẹ̀mí rẹ ní Òkìtìpupa ni, tó gbé ọ lọ sí Oǹdó. Orí rẹ wà lórí itan mi, o ń ké, èmi náà ń ké, òun nìkan ló dákẹ́. Dókítà ní bí a bá pẹ́ díẹ̀ sí i ni, ohun tí ń bẹ nínú ikùn rẹ ìbá bẹ́. Bọ́sẹ̀dé, ọkọ̀ tí bàbá rẹ fi àìmọ̀ gbà lọ́wọ́ ọkùnrin yẹn ni ọkùnrin yẹn fi gbé ọ padà fún wa. N kì í rò ó kí omijé má bọ́ lójú mi. Ẹni tí a ṣe lóore tí kò dúpẹ́, bí ọlọ́ṣà kó ni lẹ́rù lọ ni.

Ìdí nìyẹn tí mo fi ṣe ohun tí mo fẹ́ sọ yìí, tí mo ti fi pamọ́ fún ọ.

Lẹ́yìn ìsìnkú bàbá rẹ, nígbà tí o ti padà sí òkè ọya lọ sin ìlú, mo pe Lúùkù pé kí ó wá mú ọkọ̀ rẹ̀. Ó ní rárá, pé ogún olóògbé ni. Mo bẹ̀ ẹ́, ó kọ̀. Ni mo bá dá ọgbọ́n kan. Mo kéde nínú ìjọ àti lọ́jà pé mo fẹ́ lu ọkọ̀ funfun ní gbànjo níwájú ilé wa. Mo rò pé gbogbo Òrè yóò tún dákẹ́ fún Lúùkù, òun yóò nawọ́ ní ìpè kẹta, nǹkan á sì padà sí ọwọ́ tó yẹ kó ti wà láti ìbẹ̀rẹ̀.

Èrò pé. Obìnrin tó nu ojú ní ṣọ́ọ̀ṣì wá, ó ti darúgbó. Pásítọ̀ wá. Èmi fúnra mi ni onígbànjo. Mo pè é, wọ́n ń wolẹ̀. Mo tún un pè, kò sẹ́ni tó mí. Mo wo Lúùkù, mo pè é lẹ́ẹ̀kẹta. Lúùkù náà ń wolẹ̀.

Mo dúró nínú oòrùn bí ẹni tí wọ́n gbàgbé sí gáréèjì. Mo ní, “Lúùkù, gbogbo ayé ló ń dákẹ́ fún yín o. Ta ni ẹ̀yin ń dákẹ́ fún?”

Ó gbójú sókè. Ó ní, “Ìyá Bọ́sẹ̀, mò ń dákẹ́ fún Bọ́sẹ̀. Ẹ jẹ́ kó ríṣẹ́ ná, kó lè máa ra epo sí i.”

Gbogbo èrò bú sẹ́rìn-ín. Èmi nìkan ló ń sunkún. Ó ní kí n má ṣe sọ fún ọ títí iṣẹ́ yóò fi dé, mo sì pa ọ̀rọ̀ náà mọ́, èmi tí ẹnu mi kì í gba ẹ̀wà tó ń hó. Láti ìgbà náà ló ti ń tún un ṣe. Ojú rẹ̀ kò fi bẹ́ẹ̀ ríran mọ́, ọwọ́ ló fi ń mọ ibi tí okùn iná gbà. Ó ti pààrọ̀ bíréèkì, ó ti gbé àga àpò kòkó kúrò, ó sì ní kí n bi ọ́ léèrè irú aṣọ tí o fẹ́ kí wọ́n fi bo tuntun.

Nítorí náà, fi ọkọ̀ pupa yẹn sílẹ̀ fún ẹni tí wọ́n ń dákẹ́ fún. Bí kò bá tilẹ̀ sí irú ẹni bẹ́ẹ̀, fi í sílẹ̀ náà. Ti ìwọ ti wà nílẹ̀. Kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ kò sí lọ́wọ́ mi, ọwọ́ Lúùkù ló wà, òun ni kí o lọ kí kí o tó yà sílé wa.

A ti gba ọjọ́ Ìsinmi tó kẹ́yìn oṣù lọ́wọ́ Pásítọ̀ fún ìdúpẹ́ iṣẹ́ rẹ. Má rò pé ìwọ ni yóò síwájú. Lúùkù ni yóò kọ́kọ́ jó jáde, pẹ̀lú káákí rẹ̀ àti áńkáṣíìfù rẹ̀, èmi á sì di ọwọ́ rẹ̀ mú kó má fẹsẹ̀ kọ. Ìwọ jó tẹ̀lé e.

Èmi ìyá rẹ tó ń retí rẹ,
Ìyá Bọ́sẹ̀.